Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Ń Jẹ́ Ìpè

Ẹni tó bá rí mi lónìí, tó rí bí ikùn mi ṣe máa ń ṣáájú mi wọlé, kò ní gbà pé obìnrin kan fi ìgbà kan pè mí ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ìyàwó agbo ilé wa ni obìnrin náà, ọmọ Eruku tí wọ́n fẹ́ wá sí Osi. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ àná ni wọ́n bí ọmọ ọ̀hún. Ó gbọ́dọ̀ wá ìnagijẹ fún un. Ní ọjọ́ tí mo dé oko màlúù, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó rí ọrùn bíi ti lékeléke, ó rí ṣòkòtò tí bẹ́líìtì nìkan ń bẹ̀ pé kó má já bọ́, ó ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọkọ mi, káàbọ̀." Ó tó bí mi lọ́mọ dáadáa. Bí ó ṣe ń pè mí nìyẹn títí ẹnu mi fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí ẹnu mi ṣe gbà á ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí. Ohùn ilé wa ni òun fi ń sọ̀rọ̀. Èmi ni mo fi Yorùbá ilé ìwé kọ ọ́, kí ará Ìbàdàn má bàá sọ pé a ń bú òun.

Àwọn ọdún 1980 ni. Oko náà wà lẹ́yìn Osi, ní apá ibi tí èèyàn ń gbà lọ sí Eruku. Ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ ló dá a sílẹ̀. Wọ́n kó màlúù wá láti òkè òkun, àwọn ẹran ńlá aláwọ̀ dúdú àti funfun, tí wàrà ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè kún garawa. Bí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ará Osi á rìn wá wò wọ́n láti ẹ̀yìn wáyà, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn wọn. Wọ́n á máa bi ara wọn léèrè pé irú màlúù wo lèyí tí kò ní iké. Bàbá kan láti Iloffa tiẹ̀ sọ fún mi pé ó dájú pé wọ́n gé iké náà ní pápákọ̀ òfurufú kí wọ́n lè rí wọn kó wọ inú bàlúù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní èmi ni mo di wọ́n mú.

Ẹ wá rí irú ẹnu tí mo ní. Ẹ fi sọ́kàn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní Ìlọrin ni wọ́n gbà mí sí oko náà. Kì í ṣe màlúù ni wọ́n ní kí n tọ́jú. Ẹ̀rọ ni. Òyìnbó kan tó ga bí òpó wáyà ló wá tò ó. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ mi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè tirẹ̀, kì í sì í ṣe tèmi, nítorí náà ọwọ́ la fi ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wa. Nígbà tó parí, ó lọ sí oko mìíràn ní òkè Ọya, ó ń yọjú sí wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ìdí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Wọ́n kọ́ ibùjẹ kan tó há, tí orí màlúù kan ṣoṣo lè gbà. Lẹ́yìn pákó ibùjẹ náà, wọ́n ká wáyà bàbà yípo yípo bí ẹni ká okùn ìfami. Wáyà yẹn kì í sinmi. Ó ń rán ìpè jáde sínú afẹ́fẹ́, ìpè tí etí èèyàn kò lè gbọ́, tí kò sì lọ jìnnà ju ìgbọ̀nwọ́ kan tàbí méjì. Màlúù kọ̀ọ̀kan wá ní ohun dúdú kan lọ́rùn, tó tóbi tó páálí ìṣáná. Táàgì ni òyìnbó ń pè é. Ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Bí ó bá wà lọ́nà jíjìn, òkú ni. Ṣùgbọ́n bí màlúù bá ti ki orí bọ ibùjẹ, ìlẹ̀kẹ̀ á gba agbára láti ara ìpè yẹn fúnra rẹ̀, á jí, á dá nọ́ńbà rẹ̀ pa dà. Àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní rídà ló ń gbọ́ ìdáhùn náà. Iná pupa kan á ṣẹ́ lójú rẹ̀. Rídà kì í ronú. Ohun tó bá gbọ́ náà ló ń fi ránṣẹ́, kò bù kún un, kò sì yọ nínú rẹ̀. Wáyà tó gba abẹ́ ilẹ̀ á gbé e dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà nínú yàrá mi. Kọ̀ǹpútà á wo ìwé tirẹ̀: ṣé nọ́ńbà yìí ti jẹ ìpín rẹ̀ lónìí? Bí kò bá tíì jẹ ẹ́, á pàṣẹ fún mọ́tò tó wà lókè ibùjẹ, mọ́tò á yí, oúnjẹ á máa dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti jẹ ẹ́, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Màlúù lè dúró síbẹ̀ kó máa wo pákó títí ó fi máa sú u. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ á tẹ bébà kan jáde, nọ́ńbà gbogbo àwọn tí kò wá jẹun á wà níbẹ̀. Èmi á mú bébà náà, n á wá wọn kiri inú pápá, nítorí màlúù tí kò bá jẹun, ara rẹ̀ kò yá nìyẹn.

Nǹkan méjì ni òyìnbó náà ní kí n máa ṣọ́. Kí irin má sún mọ́ wáyà ibùjẹ, nítorí irin máa ń di ìpè náà lẹ́nu. Kí ìlẹ̀kẹ̀ méjì má sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí méjèèjì á jọ dáhùn, ohùn wọn á lọ́ mọ́ra wọn, rídà kò sì ní gbọ́ ohun tó yé e, àfi bí ọ̀kan bá sún mọ́ wáyà ju èkejì lọ tí ohùn rẹ̀ bo ti èkejì mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò le. Ohun tó le ni pé èmi nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń ti Osi wá láàárọ̀, bí aago mẹ́rin bá sì ti lù, wọ́n ti dé ojú títì. Èmi ni mo ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, nítorí jẹnẹrétọ̀. Àwọn tí a jọ wọ ilé ẹ̀kọ́ wà ní Kàdúná, wọ́n wà ní Èkó, wọ́n wà ní Jọ́ọ̀sì. Bí mo bá wọ Osi, ilé tí mo bá kànlẹ̀kùn rẹ̀, ikọ́ arúgbó ló ń dá mi lóhùn. Isolo-Opin náà rí bẹ́ẹ̀, Koro rí bẹ́ẹ̀. Mo máa ń jókòó níwájú rídà nígbà míì láìní ohunkóhun tí mo fẹ́ ṣe, kí n kàn máa wo iná pupa yẹn bó ṣe ń ṣẹ́. Láti àárọ̀, ẹ̀rọ yẹn kì í pè kó má rí ẹni dá a lóhùn. Èmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè kọjá kí lẹ́tà kan tó dé.

Obìnrin náà nìkan ni mo rí bá sọ̀rọ̀. "Ìyá" ni mo ń pè é. Àwọn màlúù tó lóyún ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, ilé wọn kò sì jìnnà sí yàrá mi. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ mẹ́rin ló bí, gbogbo wọn ló wà lẹ́yìn odi. Ó sọ fún mi nígbà kan pé yàrá mẹ́fà ló wà nínú ilé òun, márùn-ún ti wà ní títì pa, àti pé bí kì í bá ṣe ti oko tí òun ń bọ̀, òun kò mọ ohun tí ì bá máa jí òun wẹ̀ láàárọ̀. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín. Mo mọ ohun tí iṣẹ́ yẹn jẹ́ fún un ju ẹnikẹ́ni lọ ní oko náà, kí ẹnikẹ́ni má gbè mí lẹ́yìn pé n kò mọ̀.

Abẹ́ igi kajú la ti máa ń jẹun ọ̀sán. Ó máa ń gbé iyán wá láti ilé nínú abọ́ tó ní ìdérí, èmi á gbé ìrẹsì tí mo fi ọwọ́ ara mi sè wá. Ó máa ń wo ìrẹsì mi bí ẹni wo òkú. Ó ní kí n kúkú fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn màlúù náà, pé wọ́n mọ àkókò oúnjẹ, wọn kì í sì í jiyàn. Èmi á ní èyí tó rẹwà jù nínú wọn ti ní olówó orí, pé òun Ìyá ló ń ṣọ́ ọ bí ẹni ṣọ́ ìyàwó tuntun.

Òdodo ni mo sọ níbẹ̀. Màlúù kan wà tó fẹ́ràn, Nọ́ńbà Kẹtàdínlógún, tó ní àmì funfun kan níwájú orí. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ìyá máa ń fi aṣọ tútù nu imú rẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ìjọ Aládùúrà ló ń lọ ní Osi, ó sì ń gbàdúrà fún màlúù náà láìtijú.

Ní oṣù tí mò ń sọ yìí, oyún wálẹ̀ lára màlúù mìíràn. Dókítà ẹran wá láti Ìlọrin, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó lọ. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún Ìyá, bẹ́ẹ̀ òun ló bá wọn sin ohun tó wálẹ̀. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan kò ṣe yẹ̀yẹ́ ìrẹsì mi. Níkẹyìn, bí a ti ń jẹun, ó bi mí pé kí tiẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ yìí ń ṣe lọ́rùn wọn gan-an.

Mo ṣàlàyé bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín yìí. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó dára ju bí mo ṣe fetí sí òyìnbó lọ.

"Ṣé màlúù fúnra rẹ̀ gbọ́ ìpè náà?"

Mo ní kò gbọ́ ọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ló gbọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ló jẹ́.

"Bí kò bá wá fẹ́ jẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí 'n kò fẹ́' níbẹ̀, Ìyá. Bí wọ́n bá ti pè é, ó ti jẹ́ nìyẹn."

"Ta ló ń pè é?"

Ó yẹ kí n sọ pé wáyà ni. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo kàn ní láti tún un sọ. Ṣùgbọ́n mo rí i pé òkèlè ti dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu mi sì fẹ́ ṣeré. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni fetí sí mi bẹ́ẹ̀. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní, "Ẹnì kan tí a kò rí ni. Inú afẹ́fẹ́ ló wà. Ó mọ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Àti àwọn tó lóyún?"

"Àwọn gan-an ló ń pè jù."

Èyí kì í tiẹ̀ ṣe irọ́ tán, nítorí ìpín oúnjẹ àwọn tó lóyún pọ̀, wọ́n sì ń wá sí ibùjẹ léraléra. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó bo abọ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ wo àwọn ẹran.

Kò sí ẹni tí wọ́n bí ní agbègbè wa tí kò mọ̀ pé aboyún kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí. Bí ó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ilé tàbí lójú ọ̀nà odò, á dákẹ́, á yí ojú wò. Bí kò bá rí ẹnu tó pè é, kò gbọ́ ohunkóhun nìyẹn. Ìyá tèmi náà kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti gbàgbé rẹ̀ ní Ìlọrin láàárín ìwé iná mànàmáná.

Ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe wèrè. Ní ìrọ̀lẹ́, bébà tó tẹ̀ gùn débi pé ó kanlẹ̀. Ìdajì àwọn màlúù ni kò jẹun, bébà ló wí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà Kẹtàdínlógún ti jẹ tirẹ̀ tán láti ọ̀sán, kò sì kúrò ní ibùjẹ láti ìgbà náà. Bẹ́ẹ̀, mo rí Kẹtàdínlógún pẹ̀lú ojú mi nínú ilé rẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn yòókù ń ki orí bọ ibùjẹ, wọ́n ń ké, oúnjẹ kò dà.

Mo tú àpótí rídà. Mo fi sípírítì nu ẹnu àwọn wáyà. Mo pààrọ̀ fíúsì. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án, mo tún pa á. Mo wá irin kiri ẹ̀bá ibùjẹ, mo rí àdá ògbólógbòó kan, inú mi dùn bí ẹni rí ọmọ tó sọnù, mo gbé e jù sínú igbó. Kò yí nǹkan kan pa dà. Mo wá ń fi ọwọ́ bu oúnjẹ fún ẹran tó pọ̀ bẹ́ẹ̀, Ìyá sì ń bá mi bù ú. Síbẹ̀ wàrà ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ Wednesday, dírẹ́bà gbé iṣẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ máníjà wa ní Ìlọrin: òun àti òyìnbó ń bọ̀ ní Friday, kí ìwé àlàyé wà lórí tábìlì. Bí ẹ̀rọ kò bá ṣeé lò ní Osi, wọ́n á tú u lọ sí oko mìíràn, wọ́n á sì wo ohun tí wọ́n máa ṣe nípa olùtọ́jú rẹ̀.

Ọ̀sán Thursday, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, níbi tí mo ti lè rí ibùjẹ àti rídà papọ̀. Kò sí màlúù kankan nítòsí ibùjẹ. Iná pupa ń ṣẹ́. Wáyà ń pè, ẹnì kan sì ń dáhùn, ibùjẹ sì ṣófo. N kò ní parọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo fi ẹni àìrí dẹ́rù ba obìnrin ọlọ́mọ mẹ́rin, èmi náà dìde, mo wo ẹ̀yìn mi. Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tó pa dà wá. Mo lọ sí ibùjẹ, mo ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn pákó. Ọwọ́ mi kan aṣọ. Aṣọ funfun ni, tí wọ́n ta ní kókó mẹ́ta. Ìlẹ̀kẹ̀ Kẹtàdínlógún wà nínú rẹ̀, ó sún mọ́ wáyà ju ti màlúù èyíkéyìí lọ, ohùn rẹ̀ ló ń bo tiwọn mọ́lẹ̀.

Mo lọ wo ọrùn màlúù náà. Bàtà sílípáàsì dúdú ni wọ́n gé ní ìwọ̀n páálí ìṣáná, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán mọ́ okùn ọrùn rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ náà mọ́ débi pé bí mi ò bá fọwọ́ kàn án, n kò lè mọ̀.

Mo gbé méjèèjì síwájú Ìyá lábẹ́ igi kajú. Kò sẹ́. Ó ní òun rò pé bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ti wà nítòsí ẹ̀rọ, bébà mi kò ní bàjẹ́, ọ̀gá kò sì ní bá mi wí. Ó ní èpo iṣu àti ewé ẹ̀pà tí òun ń rù wá láti ilé ni òun fi ń bọ́ ẹran náà. Bí ó bá ti bí, òun á dá ìlẹ̀kẹ̀ pa dà sí i lọ́rùn, kí ẹni tó bá wù ú máa pè é.  Ó wá ní òun ti jẹ́ ìpè kan rí, ní ọ̀sán gangan, lójú ọ̀nà odò, nígbà tí òun ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Ohùn ìyàwó àgbà ni òun rò pé òun gbọ́. Kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Oyún náà kò dúró. Oyún yẹn ni ì bá jẹ́ àkọ́bí òun.

 Mo ní kì í ṣe ẹnì kankan ló ń pe àwọn màlúù yìí, wáyà ni, eré ni mò ń ṣe. 

"Kí lo máa sọ fún wọn lọ́la?"

"N kò mọ̀, Ìyá."

"Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kó o sọ gbogbo rẹ̀."

Máníjà wa kì í ṣe Yorùbá. Nígbà tó ka ìwé mi pé òṣìṣẹ́ kan ló tú ìlẹ̀kẹ̀, ó ní kí n pe òṣìṣẹ́ náà wá, kí n sì máa ṣe ògbufọ̀. Òyìnbó ń dán ẹ̀rọ wò nígbà náà. Ó ti dára, iná pupa ń ṣẹ́ bó ṣe yẹ, inú rẹ̀ ń dùn. Ìyá dúró níwájú tábìlì pẹ̀lú gèlè rẹ̀ tó wé tuntun. Máníjà ní kí n bi í pé kí ló dé tó fi ṣe é. Mo bi í.

Ó sọ̀rọ̀ tó gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí oyún tó wálẹ̀ lára màlúù àkọ́kọ́. Ó ní òun bi mí léèrè, mo sì dá òun lóhùn pé ẹni àìrí ló ń pè wọ́n, pé àwọn tó lóyún ló ń pè jù. Ó ní akọ̀wé ni mí, èmi ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ, ta ni òun tún máa bi? Ó sọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, kò bú mi, kò tọ́ka sí mi. Ó wá ń retí kí n gbé e kọjá.

Máníjà yí ojú sí mi. Mo rí ara mi ní gáréèjì Ìlọrin pẹ̀lú báàgì kan, mo ń wá iṣẹ́ kiri. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé, "Ó ní ẹ̀rù ló ba òun."

Ìyá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ tó gùn yàtọ̀ sí èyí tó kúrú. Ó ní, "Ọkọ mi, ọ̀rọ̀ mi gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Máníjà bi mí pé kí ló wí. Mo ní ó ń tọrọ àforíjì ni.

Wọ́n ní kó máa lọ lọ́jọ́ náà. Wọn kò pariwo mọ́ ọn. Ó kó abọ́ rẹ̀, ó kó aṣọ tó fi ń nu imú ẹran, ó gba ojú ọ̀nà Osi lọ. Ó kí mi kó tó lọ. Ó ní kí n má gbàgbé pé Kẹtàdínlógún kì í mu omi tó bá ti dúró mọ́jú.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni màlúù náà bí, ní ọ̀sán gangan. Wọn kò tíì fi ẹnì kankan rọ́pò Ìyá, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. N kò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe. Mo kàn kúnlẹ̀ sínú koríko, mo ń sọ "pẹ̀lẹ́" fún ẹran. Ó bí abo, ó sì bí i láyọ̀, tìlẹ̀kẹ̀ tìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Bí mo ti wẹ ọwọ́ mi tán, mo gba Osi lọ.

Ìyá fún mi ní àga, ó fún mi ní omi. Ó bi mí bóyá ibi ọmọ ti jáde. Mo ní ó ti jáde. Ó bi mí bóyá ọmọ náà ti dìde dúró. Mo ní ó ti dìde, ó sì ti mu ọmú. Ó mi kanlẹ̀, inú rẹ̀ dùn, mo rí i.  Ilé náà dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ adìyẹ tó ń tanlẹ̀ ní àgbàlá. Mo sọ fún un nígbà náà pé n kò sọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ Friday. Ó ní òun mọ̀. Mo ní n á kọ ìwé mìíràn. Ó ní kí n máa kọ ọ́.

Mo kọ ọ́ lóòótọ́. Ojú ewé méjì ni, mo fi bébà kábọ̀n sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀dà kan lè kù sí mi lọ́wọ́. Mo kọ ohun tó bi mí àti ohun tí mo dá a lóhùn, mo kọ ohun tó sọ níwájú tábìlì ní ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé èkejì, mo sì kọ bí mo ṣe gé e kúrú. Mo ní bí ó bá kan ẹni tó yẹ kó lọ, èmi ni. Mo fi rán dírẹ́bà sí Ìlọrin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi retí rẹ̀. Èsì tó dé kò ju ìlà méjì: wọ́n ti rí ìwé mi, kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, àti pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọn kò nílò ẹni tó ń ṣọ́ àwọn màlúù aboyún mọ́, bébà ìrọ̀lẹ́ tó fún wọn.

Mo mú èsì náà àti ẹ̀dà ìwé mi lọ sí Osi lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Ìyá ṣì wọ aṣọ funfun rẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ èsì fún un. Ó ní ó dára. Mo wá ní kó jẹ́ kí n ka ohun tí mo kọ, kó lè gbọ́ ọ. Ó jókòó. Mo ń wo Gẹ̀ẹ́sì, mò ń sọ ọ́ ní ohùn ilé wa, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò fo ohunkóhun. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ní "ó ń tọrọ àforíjì ni", mo kà á ketekete bí mo ṣe kọ ọ́.

Nígbà tí mo parí, ó wo ìwé náà lọ́wọ́ mi.

"Bí o ṣe kà á yẹn," ó ní, "ṣé bó ṣe wà nínú ìwé náà nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó fún àlùfáà ìjọ wọn kó bá a kà á. Ó ní kò tó bẹ́ẹ̀. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó yí i sẹ́yìn, ó wo ibi tí n kò kọ nǹkan kan sí, ó sì fà á lé mi lọ́wọ́ pa dà. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun, bẹ́ẹ̀ n kò tíì jẹ. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹsẹ̀ ni mo fi pa dà sí oko ní ọ̀sán yẹn. Mo pọn omi tuntun fún Kẹtàdínlógún, mo da èyí tó ti mọ́jú nù.